Ẹ Wá Wo Adágún Náà Lọ́jọ́ Òjò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́tà ẹnì kan jáde nínú ìwé ìròyìn yín lórí ọ̀rọ̀ omi odò tó ń dàrú ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú Àkúrẹ́ níbí. Ẹni náà ní kí àwa àgbẹ̀ yé pariwo, pé òun fi ojú ara òun rí adágún tí iléeṣẹ́ náà gbẹ́ láti fi gba ẹrẹ̀ dúró, pé kí la tún ń fẹ́. Mi ò bá a jà. Òótọ́ ni, adágún wà níbẹ̀, èmi náà ti dúró létí rẹ̀. Ohun tí mo kàn fẹ́ bi í ni pé: oṣù wo ló dé ibẹ̀?

Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Ọmọ àbúrò mi ń wa tipa fún wọn, mo sì fẹ́ kó máa rí owó oṣù rẹ̀ gbà.

Inú oko kòkó ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi. Oko mi kò ju éékà mẹ́ta lọ, odò kékeré kan ló sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Inú odò yẹn la ti ń pọn omi tí a fi ń po oògùn nígbà òjò, kí kòkó má baà dúdú kó sì rà lórí igi. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹnu ẹ̀rọ tí mo fi ń fín oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Màá tú u, màá fẹ́ atẹ́gùn sí i, màá fi abẹ́rẹ́ tọ ojú ihò rẹ̀. Kí n tó fín igi mẹ́wàá, ó ti dí padà. Mo ní ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún mi, mo sì lọ bá obìnrin tó tà á fún mi ní Ọjà Ọba, mo sọ̀rọ̀ sí i bí kò ṣe yẹ kí àgbà sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó yọ asẹ́ inú ẹ̀rọ náà, tí mo gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi, tí mo fi àtàǹpàkò rà á. Kò yọ̀ bí amọ̀ odò. Ó ń ha ọwọ́, ó funfun bí eérú, ó sì ń dán wínníwínní nínú oòrùn. Lẹ́búlẹ́bú òkúta ni. Mo padà lọ bẹ obìnrin náà. Ó ní òun ti gbàgbé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò ta oògùn àwìn fún mi mọ́.

Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi yẹn dáadáa, nítorí ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ omi níbi ìwakùsà èédú ní apá Ankpa, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Èédú ibẹ̀ kì í ṣe irú ti Enugu, tí wọ́n ń gba inú ihò wọlé lọ wà láti ọdún 1915. Òkè ilẹ̀ ni ti wa wà. Ńṣe ni wọ́n ń ká erùpẹ̀ orí rẹ̀ kúrò bí ẹni ká ẹní, kí katapílà tó wá bu èédú. Ilẹ̀ tí wọ́n bá sì ti bó láṣọ báyẹn, tí kò ní koríko tí kò ní gbòǹgbò, òjò kan ṣoṣo ló máa ru ú dànù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n má jẹ́ kó dé odò. Pọ́ńpù mẹ́rin àti adágún mẹ́ta ló wà níkàáwọ́ mi. Bàbá Pọ́ńpù ni wọ́n ń pè mí nígbà tí mi ò tíì pé ogójì ọdún, orúkọ náà sì tẹ̀ lé mi wá sí Àkúrẹ́.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ògì ti mọ ohun tí adágún ń ṣe. Ìyá mi ta ògì títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bó bá ti sẹ́ ẹ tán, yóò gbé ìkòkò sí kọ̀rọ̀ níbi tí ọmọ kankan kò ti ní fẹsẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ògì á ti silẹ̀, omi á ti tòrò lókè. Yóò wá tẹ ìkòkò náà jẹ́jẹ́, tí omi á máa ti etí kan dà, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n. Kò sí idán níbẹ̀. Ìdúró ni, àti àyè. Bó o bá ń da omi tuntun lù ú láti òkè, ó dàrú nìyẹn. Bó o bá jẹ́ kí ògì àná kún ìkòkò dé ọrùn kó o tó da tòní sí i, ògì ló máa ṣàn jáde, kì í ṣe omi.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹrẹ̀ rí. Iyanrìn kì í pẹ́: kó o tó ka mẹ́wàá, ó ti balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Èyí tó kúnná jù ú lọ á gba wákàtí bíi mélòó kan. Amọ̀ tó kúnná bí àtíkè lè wà nínú omi fún ọjọ́ púpọ̀ láì silẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbẹ́ adágún gbọọrọ, tí gígùn rẹ̀ kò ní dín ní ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, kí omi gba orí wọlé, kó gba ìdí jáde, kó sì rìn bí aboyún láàárín méjèèjì.

Ó dáa. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹfà tó kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo wọ bàtà òjò, mo mú ìgò oníke méjì àti igi kan, mo gba kọ́ári, ibi ìfọ́kúta náà, lọ. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ní, “Bàbá, nínú òjò yìí? Ẹ ò ṣe kúkú wá lọ́la?” Mo ní ọ̀la kò wúlò fún mi. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn.

Omi tó ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìfọ́kúta dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí púpọ̀ jù. Ó ń rọ́ wọ inú adágún láti igun kan. Ibi tó ń gbà jáde ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ síra wọn. Mo já ewé tííkì kan, mo jù ú sí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka. Kí n tó ka ogójì, ewé ti jáde, ó ti ń bá tirẹ̀ lọ sí oko mi. Adágún náà gùn o, ó tó ààdọ́ta ìṣísẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo apá ọ̀hún dúró gbagidi, omi ibẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbẹ̀. Omi ẹlẹ́rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ wọ̀nyẹn rárá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn yọ bí ẹni tó yà kí ará ilé tí kò jókòó.

Mo bu ìgò kan kún níbi tí omi ti ń wọlé, mo bu ìkejì níbi tó ti ń jáde. Mo gbé méjèèjì sójú fèrèsé nílé, mo fi báírò sàmì sí wọn lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìgò kìíní ga tó ìka kan. Ti ìkejì fi ìbú èékánná kan dín sí i. Gbogbo iṣẹ́ tí adágún yẹn ṣe ò ju èékánná kan lọ. Ìyàwó mi bi mí bóyá èyí ni mo fẹ́ fi jẹ àkàrà láàárọ̀ yẹn.

Igi tí mo mú dání ńkọ́? Mo tì í bọ inú omi. Kó tó dé orúnkún mi, ó ti kan ẹrẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, igi ìwọ̀n tí a kùn ní ọ̀dà pupa àti funfun ló dúró láàárín adágún kọ̀ọ̀kan. Bí ẹrẹ̀ bá ti gba nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, katapílà gbọ́dọ̀ dé. A kì í dúró kó kún. Mo rántí ọdún kan tí ọ̀gá tuntun kan ní kí a sún un síwájú nítorí epo dísù wọ́n. Òjò oṣù Kẹsàn-án dé lóru, adágún kò ní àyè tó máa gbà á sí, mo sì wà nínú ẹrẹ̀ dé ìbàdí títí di aago mẹ́rin ìdájí, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ígálà méjì tó ń bá mi gbé àpò iyanrìn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí mo bá pè fún katapílà, wọ́n á bi mí pé mélòó ni.

Ohun tó tún bí mi nínú ni kòtò tí wọn kò gbẹ́. Kí n tó fọwọ́ kan pọ́ńpù lọ́dún yẹn lọ́hùn-ún, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé omi tó mọ́ kò gbọ́dọ̀ pàdé èyí tó dọ̀tí. O ó gbẹ́ kòtò yí òkè ká, kí omi òjò tó ń ti orí òkè bọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ sódò láìtẹ ibi iṣẹ́. Adágún kékeré á wá tó ọ. Ní kọ́ári wa yìí, omi tó mọ́ lóló láti orí àpáta ló ń ya wọ àárín ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú, tó sì ń di ẹrù adágún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òjò Àkúrẹ́ lọ́dún tó nǹkan bíi mílímítà 1,500. Òjò ńlá kan tó bá rọ mílímítà 50 péré sórí hẹ́kítà kan, lítà 500,000 ni. Táńkà omi alálítà 10,000, àádọ́ta rẹ̀ nìyẹn, lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo, lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Lórí àpáta lásán, ibo ló fẹ́ mu sí?

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ tiwọn rọrùn ju tiwa lọ. Nínú àpáta tó yí èédú ká, òkúta kan wà tó ń dán bíi wúrà, irin àti imí ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá ti kàn án, ó ń di ásíìdì. Omi á pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ẹja ò ní gbé inú rẹ̀, á sì máa jẹ irin pọ́ńpù bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà. Àràárọ̀ ni mo ń ti bébà tó ń pàwọ̀ dà bọ omi, bí pH, nọ́ńbà tó ń wá sílẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bá ti wá sílẹ̀ ju 6 lọ, a ó da láìmù, ìyẹ̀fun funfun tó ń pa ásíìdì, sí i. Amọ̀ tó bá sì kọ̀ tí kò silẹ̀, a ó yí álọ́ọ̀mù sí i, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń yí sínú omi kànga, ó ń so amọ̀ pọ̀ kó lè wúwo kó rì. Ìyẹn náà ní ìwọ̀n o, bó bá pọ̀ jù, omi á kan. Òkúta Àkúrẹ́ kò kó ásíìdì bá wọn. Ẹrẹ̀ lásán ni. Ẹni tí ẹrẹ̀ lásán bá borí, kí ni ì bá ṣe ká ní èédú ni Ọlọ́run fi sábẹ́ ilẹ̀ wa?

Òfin Amẹ́ríkà fún omi tó ń jáde níbi kùsà èédú ni pé ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígírámù 70 lọ nínú lítà kan lọ́jọ́ kankan, ìpíndọ́gba oṣù kan kò sì gbọ́dọ̀ ju 35 lọ. Nínú kẹ́ẹ̀gì alálítà 25, 70 yẹn kò tó gírámù méjì, kò kún ìlàjì ṣíbí tíì. Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo fi lè wọn tèmi, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó ga tó ìka kan nínú ìgò kò nílò ẹ̀rọ. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, sì wà ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìwakùsà. Ọmọ iléèwé mẹ́ta pẹ̀lú ìgò àti ìwọ̀n tó péye lè parí àríyànjiyàn yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò fẹ́ fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ ìtàn Buffalo Creek, ní West Virginia ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi pàǹtírí èédú ṣe ògiri ìdènà omi lórí odò. Òjò rọ̀, ògiri rọ̀, ó sì ya láàárọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1972. Omi dúdú gbá àwọn ìletò ìsàlẹ̀ lọ. Ènìyàn 125 ló kú, àwọn tí kò nílé mọ́ ju 4,000 lọ. Adágún tiwa kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí ògiri amọ̀ rẹ̀, mo rí igi kan tó ti ga jù mí lọ, gbòǹgbò rẹ̀ á sì máa la ọ̀nà fún omi. Ihò òkété méjì tún wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdẹ lè yọ̀ bó bá rí i. Ẹni tó ń ṣọ́ adágún kì í yọ̀. Ní Ankpa, gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń rìn lórí ògiri láti orí dé ìdí, tí mo ń wo ibi tó sán, ibi tó ń sun omi, àti ibi tí ẹranko gbẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú ogún lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ní àwọn aláyẹ̀wò wá lóòótọ́. Oṣù Kìíní ni wọ́n wá, nínú ọyẹ́. Wọ́n dúró létí adágún, omi inú rẹ̀ kéré, ó tòrò, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n lọ. Eruku nìkan ló bà wọ́n ní bàtà. Adágún wo ni kì í dára lóṣù Kìíní? Ìgbà tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ni wọ́n wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn lọ yẹ òrùlé wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó ní kò jò.

Mi ò ní kí wọ́n ti kọ́ári pa. Òkúta wọn wà nínú ìpìlẹ̀ ilé tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní kí wọ́n bá ará àdúgbò ṣe, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà ló kà á léèwọ̀ fún awakùsà láti ba omi odò jẹ́, a kì í sì í fi kẹ́ẹ̀gì ru omi kànga ẹ̀rọ lọ fín kòkó. Àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú ní ipadò ti kó kúrò níbẹ̀, wọ́n ní fùfú ń ṣe ṣàkàṣàkà lẹ́nu. Wọ́n ń rìn jìnnà báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì kọ lẹ́tà nítorí tiwọn.

Inú ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ la wà yìí. Ó lè ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè ku mẹ́ta. Katapílà tó lè kó ẹrẹ̀ adágún yẹn tán wà nínú ọgbà wọn, mo rí i, ọjọ́ méjì ló máa gbà á, bí wọ́n bá ti rí ibi tó jìnnà sódò da ẹrẹ̀ náà sí. Bí wọn kò bá fẹ́ sún ibi tí omi ń gbà jáde lọ sí ìdí ọ̀hún, kí wọ́n ri òpó bíi mẹ́fà sínú adágún, kí wọ́n na tapólì mọ́ ọn láti etí bọ́ sí àárín, kí omi má lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú mọ́, kó lọ yí ká lọ́dọ̀ àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Tapólì ògbólógbòó tó ti kúrò lórí tipa tó bẹ́ẹ̀. Kòtò orí òkè, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lè fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ bí wọ́n bá san owó iṣẹ́ fún wọn. Kí wọ́n gé igi yẹn, kí wọ́n sì di ihò òkété náà pa.

Ní ti àwọn aláyẹ̀wò, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wá nínú oṣù Kẹsàn-án, ní ọ̀sán ọjọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kí wọ́n má fi tó ẹnikẹ́ni létí. Ẹni tó kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn náà, mo pè é. Kó wọ bàtà òjò. Ìgò méjèèjì wà lójú fèrèsé mi, mo ti fọ̀ wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Bàbá Pọ́ńpù,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.